Eruku Páànù Àtijọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ìyá Ọjà Mọ̀ Nípa Asibẹ́sítọ́ọ̀sì

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti agbèrò. Ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ó dá lórí páànù aláwọ̀ eérú tó nípọn, tó wà lórí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ àti ilé ìkẹ́rùsí ládùúgbò wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Àwọn onílé ń ká a kúrò, wọ́n ń fi páànù tuntun rọ́pò rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ká kúrò kì í sọnù. Ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. A fi ń bo gọ́tà iwájú ìsọ̀, a fi ń ṣe ìbòji, a sì ń fọ́ ọ sí ibi tí omi òjò bá dúró sí kí ẹsẹ̀ má baà rì. Àwọn kan tiẹ̀ ń rà á ní owó pọ́ọ́kú, inú wọn á máa dùn pé àwọn rí ọjà rà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyí: páànù yẹn, bó bá wà lódindi, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, kò ní ẹnu tó fi ń buni jẹ. Ọjọ́ tí a bá fọ́ ọ, tí a rẹ́ ẹ, tàbí tí a gbá eruku rẹ̀, ọjọ́ náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wàhálà ọ̀hún kò sì ní yọjú lónìí. Ó lè tó ogójì ọdún kó tó kan ilẹ̀kùn.

KÍ NI ASIBẸ́SÍTỌ́Ọ̀SÌ GAN-AN?

Òkúta ni. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, bí wọ́n ṣe ń wa èédú nígbà kan ní Enugu. Àmọ́ òkúta yìí yàtọ̀ sí òkúta yòókù. Bí ẹ bá fọ́ ọ, kì í rún bí iyanrìn, ńṣe ló ń ya fọ́nrán fọ́nrán bí òwú. Iná kì í jó o, omi kì í bà á jẹ́, ó sì lágbára. Ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọ́n fi hun aṣọ tí iná kò lè jó, wọ́n fi wé páìpù gbígbóná ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá, wọ́n fi ṣe láínì bíréèkì ọkọ̀, wọ́n sì pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe páànù, síílìn àti páìpù omi. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n lò jù: funfun, búlúù àti búráùn. Àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń fa jẹjẹrẹ.

Nílẹ̀ wa, nígbà tí òmìnira ku dẹ̀dẹ̀ ló wọlé dáadáa. Ní 1959 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigerite sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà àti àwọn òyìnbó ilẹ̀ Belgium ló jọ dáwó lé e. Ẹgbẹ́ okòwò Odù'a ló wá jogún ìpín tiwa níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Turner & Newall ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ tiwọn sí Emene lẹ́bàá Enugu, èyí tó di Emenite lẹ́yìn náà. Eternit náà wà ní Sapele. Láti ìgbà náà títí dé àwọn ọdún 1980, irú páànù yìí ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ilé ìwé, bárékè, ọ́fíìsì ìjọba, ilé-iṣẹ́ àti ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Nàìjíríà.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bú àwọn tó kọ́lé nígbà náà. Páànù yìí tutù ju páànù onírin lọ, kì í dípẹtà, òjò kì í sì í pariwo lórí rẹ̀. Àpọ́nlé ni nígbà yẹn kéèyàn ní in. Lónìí, Nigerite àti Emenite ti fi asibẹ́sítọ́ọ̀sì sílẹ̀, fọ́nrán mìíràn ni wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì. Nítorí náà, páànù tuntun tó ń ti ilé-iṣẹ́ wọn jáde kọ́ là ń bá wí. Ti àtijọ́ là ń sọ, èyí tó ti wà lórí ilé láti ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

KÍ LÓ Ń ṢE NÍNÚ ARA?

Fọ́nrán asibẹ́sítọ́ọ̀sì dà bí abẹ́rẹ́, àmọ́ abẹ́rẹ́ tí ojú kò rí. Ó tín-ín-rín débi pé irun orí kan ṣoṣo lè fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún nípọn jù ú lọ. Kò ní òórùn. Kì í ta ni lọ́fun bí ata, kì í sì í ta ni lójú bí èéfín igi. Eruku tí ẹ rí nínú ìtànṣán oòrùn, ìyẹn ṣì wúwo, ó máa tètè balẹ̀. Èyí tí ẹ ò rí ló ń fò kiri fún wákàtí púpọ̀, tí ẹni tó wá ra tòmátì lọ́wọ́ yín náà ń mí i sínú.

Bí a bá mí i sínú, irun imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á mú lára rẹ̀, a ó fi ikọ́ gbé e jáde. Ṣùgbọ́n èyí tó gùn tó sì tín-ín-rín á wọlé lọ jìnnà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ara wa ní àwọn ọmọ ogun tó ń jẹ ìdọ̀tí run. Wọ́n á sáré wá láti gbé fọ́nrán yìí mì. Ó gùn jù wọ́n lọ, òkúta sì ni, kò lè yọ́. Àwọn ọmọ ogun yẹn á kú síbẹ̀, àwọn mìíràn á tún dé, àwọn náà á kú. Ibẹ̀ á wá dà bí egbò tí kò jinná, ọdún lórí ọdún.

Ohun tó ń tìdí rẹ̀ jáde ju ẹyọ kan lọ. Àkọ́kọ́, ẹ̀dọ̀fóró lè le gbagidi bí awọ bàtà, tí èémí kò ní lè wọlé dáadáa. Àwọn tó ṣiṣẹ́ nínú eruku púpọ̀ fún ọdún gbọọrọ ni èyí ń mú jù. Èkejì, jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró, ti ẹni tó ń mu sìgá sì burú ju ti ẹni tí kì í mu ún lọ púpọ̀púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ jẹ́rìí sí i ní 2009 pé ó lè fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun àti jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ èyí o.

Èyí tí a fẹ́ dúró lé lórí ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní mesothelioma. Ẹ̀yin tó ń ta ẹran, ẹ ó tètè lóye rẹ̀. Bí ẹ bá gbé fùkù màlúù sórí tábìlì, ẹ ó rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó bò ó, tó ń dán. Àwa èèyàn náà ní irú awọ bẹ́ẹ̀, ìpele méjì ni: ọ̀kan bo ẹ̀dọ̀fóró, èkejì lẹ̀ mọ́ inú ìhà wa. Omi díẹ̀ wà láàárín wọn kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí ara wọn bí a ṣe ń mí. Irú awọ yìí tún wà nínú ikùn. Jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ lára awọ yìí ni mesothelioma. Kì í ṣe àìsàn tó wọ́pọ̀. Ẹ lè ná ọjà títí ẹ ó fi darúgbó kí ẹ má gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ níbi tó bá ti yọjú, asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà nídìí rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ.

Ohun tó mú kó le ni pé ó máa ń gba ogún ọdún sí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn eruku náà kó tó hàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ṣe ń ṣírò owó àjọ. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 ní 1985, tó ń bá wọn gbá àfọ́kù páànù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó lè pé ẹni 50 ọdún ní 2025 kí èémí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ta ló máa rántí páànù? Wọ́n á ní ayé ló ń bá a jà. Wọ́n á ní ìyàwó ọkọ rẹ̀ ni.

Báwo ló ṣe ń hàn? Èémí á máa gé, kódà bí èèyàn ò bá ṣe ju kó gun àkàsọ̀ díẹ̀. Ìhà tàbí èjìká á máa dun ẹni náà, ikọ́ ò ní lọ, á máa rù. Omi á gbá jọ láàárín ìpele awọ méjèèjì yẹn, á fún ẹ̀dọ̀fóró pa. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí dókítà bá rí omi nínú àyà, ikọ́ ife, TB, ló kọ́kọ́ máa ń fura sí, kò sì jẹ̀bi, torí TB ló wọ́pọ̀ jù. Kí wọ́n tó lè mọ̀ dájú pé mesothelioma ni, wọ́n ní láti gé bíńtín lára awọ náà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtọ́jú wà tó ń dín ìrora kù tó sì ń fa ẹ̀mí gùn díẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kì í lò ju ọdún kan sí méjì lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá rí i. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé ìdáàbòbò ni oògùn rẹ̀.

ẸNI TÓ JÌN SÍ KÒTÒ KỌ́ ARÁ YÒÓKÙ LỌ́GBỌ́N

Àwọn obìnrin wà nínú àwọn tí ayé fi kọ́kọ́ rí ọṣẹ́ eruku yìí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn wọn.

Ní ìlú Rochdale, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Nellie Kershaw. Ọmọ ọdún 12 ló ti wọ iṣẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá, ó ń ran òwú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Turner Brothers, ilé-iṣẹ́ kan náà tó di Turner & Newall tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ó kú ní 1924, ọmọ ọdún 33 péré. Dókítà W. E. Cooke yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, ó bá asibẹ́sítọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ̀, wọn ò san owó gbà-má-bínú, wọn ò sì san owó ìsìnkú. Ní 1931, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin àkọ́kọ́ lórí eruku náà. Ẹ ṣírò ó: nígbà tí wọ́n wá kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Emene, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti mọ̀ ní ìlú wọn pé eruku yìí ń pààyàn.

Ní South Africa, ní ẹkùn Northern Cape, wọ́n ń wa asibẹ́sítọ́ọ̀sì búlúù. Àwọn obìnrin ló ń fi òòlù lu òkúta kí fọ́nrán lè yọ, àwọn ọmọ wọn ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú eruku. Bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ wá sí ìsọ̀ lọ́dọ̀ wa náà ni. Ní 1960, dókítà Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé jáde lórí èèyàn 33 tó ní mesothelioma, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló tan mọ́ àgbègbè náà. Àwọn kan nínú wọn kò ṣiṣẹ́ ìwakùsà rí láyé wọn. Wọ́n kàn gbé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2000, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ pé àwọn ará South Africa náà lè pe ilé-iṣẹ́ Cape lẹ́jọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn bíi 7,500 ló wà nídìí ẹjọ́ náà. Ní 2003, wọ́n gba mílíọ̀nù 7.5 owó pọ́n-ùn. Bí a bá pín in, kò tó nǹkan, àmọ́ wọ́n jà. South Africa fòfin de asibẹ́sítọ́ọ̀sì ní 2008.

Ìtàn kẹta ló kàn wá jù. Ní 1965, àwọn onímọ̀ méjì, Newhouse àti Thompson, tẹ ìwádìí jáde lórí èèyàn 76 tó ní mesothelioma ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n bá èèyàn 9 níbẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì rí, ará ilé wọn ló ṣe é. Obìnrin ni 7 nínú wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Èyí tó pọ̀ jù ni ìyàwó ilé tó ń fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ á ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ á funfun báláú, ìyàwó á gbọn ọ́n, á fọ̀ ọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de gbogbo rẹ̀ pátá ní 1999. Síbẹ̀, títí di àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó ju 2,000 èèyàn lọ tí mesothelioma ń pa níbẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, àmọ́ eruku ọdún 1970 ti wọlé kó tó di pé wọ́n tì í.

NÍBO LA TI Ń BÁ A PÀDÉ NÍ ÒṢÒDÌ ÀTI ÌSỌLỌ̀?

Àgbègbè wa ni ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí. Láti ẹ̀bá títì Òṣòdì sí Apápá dé inú Ìsọlọ̀, ilé ìkẹ́rùsí àti ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kún ibẹ̀. Ilé gbígbé àtijọ́ náà kún Mafolúkù àti Ṣógúnlé. Bí ilé bá ti wà ṣáájú ọdún 2000, tí òrùlé rẹ̀ nípọn, tó ní ìgbì ńláńlá, tó sì ní àwọ̀ eérú, ẹ fura. Páànù onírin máa ń dún gbàn-gbàn bí ẹ bá kàn án. Èyí kì í dún bẹ́ẹ̀. Páànù onírin máa ń tẹ̀. Èyí máa ń fọ́ bí àwo. Síílìn funfun pẹlẹbẹ àtijọ́ tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú oríkèé náà, ẹ fura sí i. Síílìn oníke ìsinsìnyí kò sí nínú rẹ̀. Ojú lásán kò lè fi dá ti àtijọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí tuntun tí kò ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì, torí náà ẹ mú èyí tí ẹ ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ bí ẹni tó ní in.

Ìgbà wíwó ilé ni ìgbà tó léwu jù. Àwa ará Òṣòdì kì í ṣe àlejò wíwó. Ní January 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ wó ìsọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ní January 2016, wọ́n tún wó ọjà Owónífàrí. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ rántí bí àwọn èèyàn ṣe ya bo àlàpà láti ṣa igi, irin àti páànù. Kì í ṣe gbogbo eruku ló ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, àmọ́ níbikíbi tí katapílà bá ti ń wó ilé àtijọ́, kì í ṣe ibi tí a ń gbé ọmọ pọ̀n lọ ṣa nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iná ọjà. Páànù yìí kì í jó, àmọ́ bí iná bá gbóná dé ibi kan, ńṣe ló ń bú gbàmù, tí àfọ́kù rẹ̀ ń fò káàkiri. Lẹ́yìn iná, a máa ń gbá ilẹ̀ kíákíá kí ọjà lè padà bẹ̀rẹ̀. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ yẹn gan-an ni kò dára.

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ládípọ̀ àti àyíká rẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Láínì bíréèkì àti pákó kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ọ̀pọ̀ òkè òkun ti fi í sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù ń ti ibi gbogbo wọlé. Ọmọ á tú táyà, á gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn fọ́kánáísà, á fẹ́ eruku bíréèkì fúù! Aṣọ yẹn ló máa wọ̀ wálé, tí ìyá rẹ̀ máa fọ̀ pọ̀ mọ́ ti ọmọ ọwọ́.

Ẹ MÁ BẸ̀RÙ KỌJÁ BÓ ṢE YẸ

A ò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rí oorun sùn. Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó ti fa eruku yìí símú lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kò ní ní mesothelioma láéláé. Bí eruku bá ṣe pọ̀ tó, tó sì pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu ń pọ̀ sí i. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ ni pé kò sí ìwọ̀n kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé pé kò léwu. Nítorí náà, èyí tó ti kọjá ti kọjá. Èyí tó kù lọ́wọ́ wa ni eruku òní àti ti ọ̀la.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ asibẹ́sítọ́ọ̀sì gan-an nìyẹn.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

1. Bí òrùlé tàbí síílìn bá wà lódindi, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má gbẹ́ ihò sí i, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ.

2. Ẹ má gba àlòkù páànù yìí, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ má fi bo gọ́tà tí ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ń gùn, ẹ má sì fọ́ ọ dí kòtò. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi dí kòtò.

3. Bí onílé bá fẹ́ ká a, kó kọ́kọ́ béèrè ìtọ́sọ́nà lọ́wọ́ LASEPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó àyíká, kó sì wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Kí wọ́n fi omi rin páànù gbingbin, kí wọ́n yọ ìṣó rẹ̀, kí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní odindi. Ẹni tó bá dúró lórí òrùlé tó ń ju páànù sílẹ̀ gbàgà, ẹ pariwo lé e lórí.

4. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ká a, ẹ palẹ̀ ọjà mọ́ nítòsí, pàápàá oúnjẹ tí a ò bò. Ẹ kó àwọn ọmọdé jìnnà.

5. Ẹ má gbá àfọ́kù rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ bu omi tí ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ mọ́ wọ́n ọn, kó rin, kí ẹ tó ṣà á. Ẹ fi àkísà tútù nu ibẹ̀, kí ẹ sì sọ àkísà náà nù pẹ̀lú rẹ̀.

6. Ẹ dì í sínú ọ̀rá tó nípọn, ìpele méjì, kí ẹ so ó pinpin. Ẹ má jó o, ẹ má dà á sí ẹ̀bá títì tàbí sínú kánáàlì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ LAWMA ibi tí wọ́n máa gbé e gbà, kí ẹ sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn.

7. Aṣọ iṣẹ́ káfíńtà, mẹkáníìkì àti òṣìṣẹ́ wíwólé: ẹ má gbọn ọ́n. Kó bọ́ ọ síta, kí ẹ rì í sómi kíákíá, kí ẹ dá a fọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ní Ládípọ̀ pé kí wọ́n fi omi àti àkísà nu bíréèkì, kì í ṣe atẹ́gùn.

ÌBÉÈRÈ TÍ A GBÀ LÁTI ỌWỌ́ ÀWỌN ÌYÁ

Síílìn ilé tí à ń gbé ni. Ṣé ká kó jáde?
Rárá o. Bí kò bá fọ́, ẹ kùn ún lọ́dà, ìyẹn á di eruku mú. Bó bá ti sán tàbí tí òjò ń jò sí i, ẹ jẹ́ kí onílé mọ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ máa fi igi gún un.

Ìbòmú tí a lò nígbà Kòrónà ní 2020 ń kọ́?
Ti aṣọ àti ti búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò dá fọ́nrán yìí dúró. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni irú tó le, tó fún mọ́ ojú pinpin, tí wọ́n kọ FFP3 sí lára. Gèlè tàbí híńkáfù tí a fi bo imú, ẹ̀tàn ni.

Bí a bá mu wàrà tàbí epo pupa lẹ́yìn eruku, ṣé kò ní fọ̀ ọ́ dànù?
Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló gba èyí gbọ́, àmọ́ inú ikùn ni wàrà àti epo ń lọ, kì í dé ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí àgbo, kò sí oògùn òyìnbó tó lè yọ fọ́nrán tó ti wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín. Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ ni kí èèyàn jáwọ́ nínú sìgá.

Omi òjò tó ń ti òrùlé náà ṣàn wá, ṣé ó léwu?
Imú ni ọ̀nà ewu tó dájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹ̀rí tó wà kò fi hàn dájú pé mímu ún nínú omi ń fa àìsàn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ omi ìfọlẹ̀. Ẹrẹ̀ tó bá wà nínú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó kó o.

A gbọ́ pé ó wà nínú pọ́dà. Àwa tó ń ta pọ́dà ńkọ́?
Òkúta kan tó ń jẹ́ talc ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ pọ́dà, asibẹ́sítọ́ọ̀sì sì máa ń wà nítòsí rẹ̀ nínú ilẹ̀ nígbà mìíràn. Ní October 2019, ìjọba Amẹ́ríkà rí ìwọ̀nba bíńtín nínú pọ́dà ọmọdé Johnson's kan, ilé-iṣẹ́ náà sì pe bíi 33,000 ike padà. Wọ́n ní pọ́dà àwọn kò ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Àmọ́ wọ́n kéde ní 2022 pé láti 2023, ìyẹ̀fun àgbàdo ni àwọn á máa fi ṣe é níbi gbogbo. Ẹ wo ara ike kí ẹ tó rà á tà, kí ẹ má sì máa da pọ́dà bo ojú àti imú ọmọ ọwọ́.

Bàbá ilé wa ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ páànù nígbà kan, èémí rẹ̀ sì ń gé. Kí ni ká ṣe?
Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ì báà jẹ́ Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀, kí wọ́n lè darí rẹ̀ sí LASUTH tàbí LUTH bó bá yẹ. Ẹ má dúró kí dókítà béèrè, ẹ sọ fún un fúnra yín: iṣẹ́ tó ṣe, ibi tó ti ṣe é, ọdún tó lò níbẹ̀. Ohun tí dókítà ò gbọ́, kò lè rò ó. Ẹ tọ́jú káàdì iṣẹ́ àti ìwé ìgbowó rẹ̀. Òfin ọdún 2010 lórí gbà-má-bínú òṣìṣẹ́, tó wà lábẹ́ NSITF, ka àìsàn tí iṣẹ́ bá fà kún ohun tí wọ́n lè sanwó lé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ rèé. A ò ní agbára láti wó gbogbo ilé àtijọ́ ní Èkó kí a tún un kọ́. Àmọ́ a ní agbára lórí ohun tí a ń gbé wọ ọjà wa. Olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sí etí àwọn tí kò mọ̀wé ní ìpàdé yín tó ń bọ̀. Kó di òfin láàárín wa pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọ́ páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú ọjà, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Kò ná wa ju garawa omi kan lọ.

Àwọn ọmọ tó ń sùn lábẹ́ tábìlì wa lónìí, ogójì ọdún sí i ni wọ́n máa mọ̀ bóyá a ṣe é tàbí a ò ṣe é. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n máa mí dáadáa nígbà náà. Kó má jẹ̀ẹ́ ká fi owó ara wa ra àìsàn. Ọjà á tà o, ẹ̀mí á gùn, a ó jọ jèrè ọmọ. Àṣẹ.